Ìdì Aṣọ Ìyá Alágbàfọ̀

Ẹni tó bá tún sọ lójú mi pé ìgbà kónílé-ó-gbélé yẹn dùn, kó rí i pé ẹsẹ̀ òun yá, nítorí mo ti fara da ti ẹni àkọ́kọ́, mi ò lè ṣèlérí fún ẹnì kejì.

Obìnrin kan ló wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wa níjọ́sí. Aṣọ rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ látìgbà tí ìjọba ti gbogbo ìlú pa nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Ó gbá a mọ́ àyà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i, ìsinmi yẹn bá mi lára mu o. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí àsìkò lọ. Gbogbo ọjọ́ kàn dà bí ọjọ́ kan ṣoṣo."

Ọkọ mi wà nídìí tábìlì, ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan. Kò gbójú sókè. Ó kàn ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, ó ń fà á bọ̀ lójú kan náà, títí mo fi gbóòórùn pé aṣọ fẹ́ jó. Mo yára gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní ó dàbọ̀, ó lọ. Ó yẹ kí n tẹ̀ lé e, kí n rò fún un bí àsìkò ṣe lọ nílé tiwa, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ẹ̀yin ẹ jókòó.

Alágbàfọ̀ ni ọkọ mi. Kò jogún iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù wa, yàrá ẹ̀yìn ni a ń sùn sí, okùn ìsáṣọ wa sì wà ní àgbàlá kékeré tó wà láàárín ilé wa àti ògiri aládùúgbò. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Kògbọdọ̀rún. Bí oníbàárà bá gba aṣọ tán, tó fẹ́ kì í bọ àpò, ọkọ mi á ti pariwo láti ẹ̀yìn tábìlì: "Kò gbọdọ̀ rún o!" Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ojú mi ni gbogbo ayé ń wò. Etí aṣọ mi ni ọkọ mi ń wò. Ó fẹnu sí mi létí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fẹ́ sọ, ó ní, "Ta ló lọ aṣọ yìí fún ọ?"

Ó ní òfin kan tó fi ń ṣiṣẹ́. Aṣọ tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan lórí pẹpẹ kì í ṣe aṣọ fífọ̀ mọ́. Ó ní aṣọ náà ti sùn nìyẹn: afẹ́fẹ́ inú ilé ti wọ̀ ọ́, ìlà rẹ̀ ti dẹ̀. Bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó dé, ọkọ mi á tún un fọ̀, á tún gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti bá a jà lórí òfin yìí títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Omi ni, iná ni, ọṣẹ ni, agbára ni. Àmọ́ orí kunkun tó bí i ló bí òfin yẹn.

Orí kunkun náà kò sì jìnnà, òdìkejì afárá ló ń gbé. Ìyá rẹ̀ ni mò ń wí. Màmá wà ní yàrá kan àti pálọ̀ kan nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì ti búra pé òun ò ní kó kúrò níbẹ̀. A ní kó wá bá wa gbé, ó ní, "Ibi tí ọkọ mi fi mí sí ni yóò ti wá mú mi. Ẹ fẹ́ kó máa wá mi káàkiri?" Aránṣọ kan tó jẹ́ ayálégbé níbẹ̀ ló ń bá a gbọ́únjẹ, tó sì ń bá wa fojú sílẹ̀ wò ó.

Nítorí ọpọlọ Màmá ti ń jò. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó bí, tó bá wọlé, á kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wo àlejò, á ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ta lẹ ń wá?" Ọkọ mi kì í dá a lóhùn. Á jókòó tì í, á tú ìdì aṣọ tó gbé wá, á sì fa ìró kan jáde lókè ìdì náà: ìró aláwọ̀ búlúù tó dúdú dáadáa, tó ní àwọn ẹyẹ funfun lára. Òun àti ìborùn rẹ̀ ni ọkọ Màmá rà fún un lọ́sẹ̀ tó bí ọmọkùnrin yìí. Màmá á fọwọ́ pa á. Á gbé e sí imú. Á wo ìró, á wo ojú ọkọ mi, á tún wo ìró. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ á là.

"Háà! Kògbọdọ̀rún! Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí? Ṣé ọ̀nà ló gùn ni àbí ìyàwó rẹ ló so ọ́ mọ́lẹ̀? Aláìnítìjú ọmọ!"

Èébú ló kù. Á bú u láti orí dé ẹsẹ̀, á bú bàtà rẹ̀, á bú ikùn rẹ̀ tó ń yọ, á bú èmi náà mọ́ ọn. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èébú yẹn gan-an ló ń wá lọ. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń lọ gbà á, bí ẹni ń lọ gba ìbùkún, á sì kó ìró náà àti aṣọ ìdọ̀tí Màmá padà bọ̀ wálé. Sátidé ló máa ń fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọṣẹ tó tutù, nínú omi tó ti fi iyọ̀ sí kí àwọ̀ ìró náà má bàa ṣí, ibòji ló sì máa ń sá a sí. Ọjọ́ aṣọ ni Màmá ń pe Sọ́ńdè. Kò mọ ọjọ́ mìíràn mọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Bí o bá bi í pé kí ni òní, á ní ó ku ọ̀la kí ọjọ́ aṣọ pé.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Mo rántí dáadáa nítorí aṣọ Màmá wà lórí okùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ọkùnrin orí rédíò ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò ti afárá, kí olúkálùkù dúró síbi tó bá wà. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ká aṣọ yẹn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ báyìí."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jalè. "Aṣọ tútù? Fún ìyá mi?"

Ó dúró kó gbẹ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ó ká a, ó dì í, ó wọ bàtà. Nígbà tó fi dé ẹsẹ̀ afárá, wọ́n ti gbé igi dínà. Ó gbé ìdì náà padà bọ̀ wá sílé, ó gbé e sórí pẹpẹ níbi tó ti lè máa rí i láti orí ibùsùn.

Kí n má purọ́, níbẹ̀rẹ̀, a sinmi. A sùn, a jẹun, a tún sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Aṣọ ló ń pín ọ̀sẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀: aṣọ iléèwé ní Mọ́ńdè, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ òde ní Fúráìdé, aṣọ Màmá ní Sátidé. Nígbà tí aṣọ kò wọlé mọ́, Mọ́ńdè kú, Fúráìdé tẹ̀ lé e. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo bi ọkọ mi pé kí ni òní. Ó wo pẹpẹ títí, ó ní òun ò mọ̀. Ẹ mọ̀ pé alágbàfọ̀ máa ń fi òwú sàmì sétí aṣọ kọ̀ọ̀kan kó má bàa dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Àwọn ọjọ́ wa wá dà bí aṣọ tí òwú rẹ̀ já: o mú un dání, o ò mọ ti ta ni. Ọ̀sán kan ṣoṣo á gùn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè lọ mọ́. Tí mo bá sì wẹ̀yìn, gbogbo oṣù ti lọ, mi ò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀.

Ìbínú nìkan ló ń dé lásìkò. Mo bínú sí ìró ẹsẹ̀ ọkọ mi. Mo bínú sí bó ṣe ń mu omi, gbùn, gbùn, gbùn, bíi màlúù. Òun náà bínú sí ọ̀nà tí mò ń gbà ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan a jà nítorí ọmọrí ìkòkò, ìjà tó jẹ́ pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Kò sí. Ọmọrí ìkòkò ni. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún, mi ò sì lè sọ ohun tí mò ń sunkún sí. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Baba yẹn kò gbé nílé wa nígbà náà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì náà ṣe ń parí lọ, ọkọ mi tú ìdì Màmá. Ó ti sùn, ó ní. Ó fọ̀ ọ́ látòkèdélẹ̀, ó sá a, ó ká a, ó tún un dì, ó fá irùngbọ̀n, ó ń dúró de rédíò. Rédíò sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin yẹn dùn bí ẹni fi oyin fọ ẹnu. Ó ní nǹkan kò tíì rọ̀, wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn kún un, kí a fara dà á díẹ̀ sí i. Ọkọ mi pa rédíò. Ó lọ dúró sí àgbàlá níwájú okùn tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Wọ́n á ní ó kù díẹ̀, ọkọ mi á fọ aṣọ Màmá kó lè wà ní mímọ́ tónítóní de ọjọ́ tí wọ́n bá ṣínà. Wọ́n á fi kún un, aṣọ á sùn, á tún un fọ̀. Ọṣẹ tó tutù tán, ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á wà ní títì, ló bá mú ọṣẹ líle tó fi ń fọ aṣọ àwọn mẹkáníìkì. Iyọ̀ tó kù, ọbẹ̀ ni mo fi sè. Nígbà tó yá, kò wo ti ibòji mọ́, inú oòrùn ganrínganrín ló ń sá a sí kó lè tètè gbẹ, nítorí ta ló mọ̀, bóyá ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n máa ṣí i. Bó sì ṣe ń fọ̀ ọ́ náà ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń pa ìró yẹn lára bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ní báyìí, ó ń gbé e lu òkúta. Ọkùnrin rédíò ló ń lù. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ilé, pàá, pàá, mo sì mọ orúkọ tó wà lára lílù kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ rọra o. Aṣọ yẹn ti dàgbà."

"Ṣé kí n gbé aṣọ tó ti sùn fún ìyá mi ni?"

"Wọn ò ní ṣí afárá lọ́la."

"Ta ló sọ fún ọ? Bí wọ́n bá ṣí i ńkọ́?"

Mo padà wọlé. Ìró náà, lójú mi, kò yí padà. Ohun tí ojú bá ń wò láràárọ̀, ojú kì í rí i mọ́.

Fóònù wà, ẹ ó sọ pé fóònù ńkọ́. Aránṣọ máa ń pè wá, á gbé fóònù sí Màmá létí. Màmá kò gbà pé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

"Ta ní ń sọ̀rọ̀ nínú nǹkan yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Ọmọ yín ni."

"Rárá o. Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la ni ọjọ́ aṣọ. Àbí ọ̀la kọ́ ni?"

Ọkọ mi á gbé fóònù kúrò létí, á wo òkè àjà, á tún gbé e padà. "Ọ̀la ni, Màmá."

"Ẹ ṣeun sà," Màmá á wí. Lẹ́yìn náà, Aránṣọ á gba fóònù, á sọ ohun tí kò yẹ kó sọ fún wa. Láràárọ̀, Màmá ń di aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ sínú gèlè àtijọ́ kan, ó ń gbé e sórí itan, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn búlúù yẹn léjìká. Aránṣọ ní kó jẹ́ kí òun bá a fọ aṣọ náà, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọmọ òun ni. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á wọlé, á ní ó ku ọ̀la. Àwọn àgbà wa ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ti Màmá, ọ̀la ló wá di ogún ọdún.

Ẹ̀rù ìgbàgbé ló ń ba ọkọ mi. Kò bẹ̀rù àrùn. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi láìwojú mi: "Okùn tó so mí mọ́ ọn ti tín-ín-rín. Tó bá pẹ́ sí i, á já." Mo ní kò ní já. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbé ìdì aṣọ, mo tẹ̀ lé e, a lọ síbi afárá. Ọmọdékùnrin ọlọ́pàá kan tí mo lè bí ló dá wa dúró, ìbòmú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Aṣọ ìyá mi ni, ọ̀gá. Òdìkejì níbí ló wà. Mo fẹ́ gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní wọlé. Mo bẹ̀ yín."

"Ṣé aṣọ ni oúnjẹ? Ṣé oògùn ni? Iṣẹ́ pàtàkì nìkan ló ń kọjá. Ẹ padà."

Bí a ṣe dúró níbẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan dé. Kò tiẹ̀ dúró tán tí wọ́n fi gbé igi sókè fún un. Mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bó ṣe ń kọjá. Aṣọ ló wà níbẹ̀! Aṣọ òde, lórí ìkọ́, tí wọ́n fi ọ̀rá bò kó má bàa rún. Wọ́n ń lọ ṣe ayẹyẹ níbì kan, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó sílé.

Ni mo bá bú jáde. "Èwo nìyẹn? Aṣọ yẹn ńkọ́, ṣé oògùn ni? Ṣé ìbà ló ń wò? Ẹ dá mi lóhùn!"

Ọmọ náà ní kí n má bá òun pariwo. Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ ti ìdì aṣọ kúrò níwájú rẹ̀ bí ẹni ń ti ajá. Ìdì náà já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo retí pé ọkọ mi yóò ṣe nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó fi ọwọ́ gbọn ẹrẹ̀ kúrò, ó yí padà. Ọ̀sán yẹn ló fọ ìró náà léraléra, débi pé mo lọ dúró sí ìta kí n má bàa gbọ́ ìró òkúta yẹn.

Wọ́n ṣí afárá nígbà tó wù wọ́n. Ọkùnrin rédíò ló sọ ọ́ láàárọ̀, pẹ̀lú ohùn oyin rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún sùúrù wa. Ó ní àsìkò díẹ̀ la pàdánù, a ó sì rí i dí. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí rédíò tí mi ò ní tún sọ níbí.

Ọkọ mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún ara rẹ̀, ó fi sítáàṣì sí i títí ó fi dúró gan-an. Ó gbé ìdì aṣọ. Gbogbo ìlú ló tú síta lọ́jọ́ yẹn, orí afárá kún fọ́fọ́, èjìká ń gbá èjìká, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń bú ara wọn. Wọ́n tì wá síwá, wọ́n tì wá sẹ́yìn. Ọkọ mi gbé ìdì náà sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má fara kàn án. Nígbà tí a já sí òdìkejì, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ti já, kọ́là ti wó, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún wómúwómú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kò tiẹ̀ wo ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ń sọ fún mi pé, "Wàá rí i bó ṣe máa bú mi lónìí. Ti òní á le."

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ìdì aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ wà lórí itan, ìborùn búlúù wà léjìká. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ta lẹ ń wá?"

Ọkọ mi jókòó tì í bó ṣe máa ń ṣe. Ó tú ìdì, ó fa ìró jáde, ó nà án lé itan Màmá.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Ìborùn wà léjìká Màmá, ó dúdú, ó búlúù bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, àwọn ẹyẹ rẹ̀ ń tàn. Ìró tí ọkọ mi nà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ti ṣá. Ó ti funfun ráúráú bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ. Àwọn ẹyẹ kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi kí o wá wọn. Gbogbo ọjọ́ tí a rò pé kò lọ, ara aṣọ yẹn ló ń gbà lọ, àwa sì ń wò ó lórí okùn. Ọkọ mi náà rí i.

Màmá fọwọ́ pa aṣọ náà. Ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà, ó rọra ká a, ó dá a padà fún un.

"Aṣọ yín mọ́ tónítóní," ó ní. "Àmọ́ kì í ṣe tèmi. Tèmi rèé." Ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró náà kí àlejò lè rí i. "Ọmọ mi ló mú ìró rẹ̀ lọ fọ̀."

"Màmá, èmi ni."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Kògbọdọ̀rún."

Màmá wò ó. Ó wo kọ́là rẹ̀, ó wo ibi tí bọ́tìnnì ti já, ó wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó rún. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà kankan nínú.

"Kògbọdọ̀rún? Pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì yìí? Ẹ má bínú sà, ẹ ò mọ ọmọ mi. Ọmọ mi ò lè wọ irú èyí jáde. Ẹ jókòó dè é, ọ̀la ló ń bọ̀. Á bá yín lọ̀ ọ́ dáadáa."

Ọkọ mi kúnlẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Màmá, mo pẹ́. Mo pẹ́ gan-an. Ẹ bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

Ojú Màmá bàjẹ́. Ó bojú wò mí bóyá mo lè là á yé òun, kò sì tún fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pè mí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọkọ mi, bí èèyàn ṣe ń tu ẹni tí kò mọ̀ rí nínú.

"Kí ni mo fẹ́ bú yín sí?" ó ní. "Kí lẹ ṣe fún mi?"

Ọkọ mi nawọ́ sí ìdì aṣọ ìdọ̀tí tó wà lórí itan rẹ̀, kó lè gbé nǹkan kan lọ sílé. Màmá rọra gbá ìdì náà mọ́ra. Iṣẹ́ ọmọ òun ni, ó ní.

A ṣì ń lọ ní gbogbo Sọ́ńdè. Ọkọ mi wá ìró búlúù kiri títí, ó rí òmíràn tó jọ ọ́, àwọn ẹyẹ rẹ̀ kò jọra, Màmá ní ó dára, kí ó bá òun kí ẹni tó rà á. Màmá ń gbé àga fún un, ó ń bi í pé ṣé kò pàdé ọmọ òun lórí afárá. Ọkọ mi á ní òun ò pàdé rẹ̀. Màmá á ní kò burú, ọ̀la ni.

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni, ó ń pè é ní sà. Kò tíì bú u títí di òní.